Orí Kẹfà: Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé àti Àwọn Ẹ̀dá Inú Rẹ̀

Ìdí ààtàn ni ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀fọ́ nílẹ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwọn obìnrin ilé ń da eérú ààrò, èèpo iṣu àti omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ọ̀dù máa ń lalẹ̀ hù sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Hóró wọn bá pàǹtírí débẹ̀, wọ́n sì bá ilẹ̀ ọlọ́ràá níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ro ìdí wọn, tó fi màrìwò tàbí igi ṣọgbà yí wọn ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ wọ́n, onítọ̀hún ti di ọlọ́gbà. Títí di òní, bí ẹ bá wọ ẹ̀yìnkùlé ní Òṣogbo, Ìṣẹ́yìn tàbí Oǹdó, ẹ ó rí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ méjì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ní Èkó tí ilẹ̀ ti wọ́n, inú àpò ìrẹsì àti taya àlòkù tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ sí ni ọ̀pọ̀ ń gbìn ín sí.

Orí tó ṣáájú èyí ti kọ́ wa bí a ṣe ń kọ bẹ́ẹ̀dì àti bí a ṣe ń lo ajílẹ̀. Èyí tó kù, tí a sì máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ jù, ni àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí tó ń bá wa gbé inú ọgbà náà: ekòló, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́, oyin, ìgbín, tata, èèrà. Àwọn kan ń jẹ ẹ̀fọ́ wa. Àwọn kan ń jẹ àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wa. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ yà sí ẹ̀fọ́, síbẹ̀ bí wọn kò bá sí, ẹ̀fọ́ kò ní ṣe dáadáa. Ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní "kòkòrò" lásán, tó sì gbé oògùn dání, ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ ni yóò pa pọ̀. Ohun tí orí yìí fẹ́ kó mọ́ yín lára ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀dá kan ń jẹ kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ ó fi í ṣe.

Àwọn ewébẹ̀ tí à ń gbìn

Tẹ̀tẹ̀ ló ń yá jù lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí a bá fọ́n ọn, a lè fà á tu, a sì lè rẹ́ orí rẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka. Hóró rẹ̀ kéré, ó ń dán. Bí a bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀ lásán, ojú kan ni yóò dà sí, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn. Ṣọkọ yòkòtò náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Ti ewédú ló yàtọ̀, nítorí pé èèpo hóró rẹ̀ le, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa di hóró náà sínú aṣọ, wọn a rì í bọ omi gbígbóná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, wọn a yọ ọ́, wọn a sá a kó gbẹ, kí wọ́n tó lọ fọ́n ọn. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ dán ọgbọ́n yìí wò, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni: omi gbígbóná ló ń la èèpo líle náà tí omi òjò fi ń ráyè wọlé.

Ewúro àti efinrin ń pẹ́ nínú ọgbà. Ẹ̀bá ọgbà ni ààyè wọn, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbúre àti amúnútutù fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Úgú, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Igbo wá di ará ọbẹ̀ wa, ní akọ, ó ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Abo ló ń so èso, òun náà ni ewé rẹ̀ máa ń fẹ̀ jù, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ojú dá wọn mọ̀ títí wọn ó fi yọ òdòdó. Ata àti tòmátì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí rárá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492.

Abẹ́ ilẹ̀

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹ lọ wo àárín bẹ́ẹ̀dì lówùúrọ̀. Ẹ ó rí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kéékèèké tó tutù, tó ki, tó ta yọ lórí ilẹ̀. Ìgbẹ́ ekòló ni. Ekòló kan wà nílẹ̀ wa tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Hyperiodrilus africanus. Irú rẹ̀ a máa to ìgbẹ́ rẹ̀ sókè lóròó, tí yóò sì ní ihò láàárín. Òmíràn tún wà, Eudrilus eugeniae, tí àwọn ènìyàn ń kó lọ sílẹ̀ òkèèrè báyìí, tí wọ́n ń sìn ín nínú àpótí kó lè máa sọ pàǹtírí di ajílẹ̀ fún wọn. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti mú un.

Ẹ bu ìgbẹ́ ekòló kan, kí ẹ fọ́ ọ lọ́wọ́. Ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, kò rí gbagidi bí amọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni ekòló gbé mì. Nígbà tó bá fi máa jáde lára rẹ̀, ohun aṣaralóore tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ ju ti ilẹ̀ tó yí i ká lọ, ó sì ti wà ní ìpò tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ fi lè tètè rí i lò. Ihò tó ń gbẹ́ kiri ni afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà wọ ilẹ̀. Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì tí kò ní ekòló nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀: ojú ilẹ̀ ni omi yóò máa ṣàn lọ, yóò sì gbá hóró ẹ̀fọ́ lọ pẹ̀lú.

Awọ ara ni ekòló fi ń mí, awọ náà sì gbọ́dọ̀ tutù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni yóò sá lọ, yóò ká jọ, yóò sì dúró de òjò. Ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ láìbò, tí oòrùn ń pa, kò ṣeé gbé fún un. Èmi kò mọ ohun kan tó rọrùn tó sì wúlò fún ọgbà tó kí a fi koríko gbígbẹ bo àárín ẹ̀fọ́: ó ń dáàbò bo ekòló, ó ń jẹ́ kí omi tí a bù rin ín pẹ́ nílẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí èpò ráyè hù. Ẹ má ṣe da omi iyọ̀ sínú ọgbà láé. Ó ń pa ekòló, ó sì ń ba ilẹ̀ jẹ́ fún ẹ̀fọ́.

Ọ̀kùn náà wà níbẹ̀, ewé jíjẹrà ni oúnjẹ òun náà. Ikán fẹ́ràn igi àti ewé gbígbẹ ju ohun tútù lọ. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an, tí ẹ̀fọ́ ti ń rọ, ni ó máa ń yíjú sí i, nítorí náà kí a dín koríko ìdí ẹ̀fọ́ kù ní àsìkò yẹn bí a bá rí ikán.

Àwọn tó ń jẹ ewé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n ni ewéko ń dára mọ. Nínú ọgbà, ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀fọ́ tí a bá da ajílẹ̀ oníyẹ̀fun lé lórí jù, pàápàá èyí tí nitrogen pọ̀ nínú rẹ̀, yóò tutù yọ̀yọ̀, ara rẹ̀ yóò sì rọ̀. Irú rẹ̀ gan-an ni àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ewé mu máa ń pọ̀ sí lára.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sídìí ilá. Bí ewé ilá bá ti yọ tán, kì í pẹ́ tí ihò wínníwínní yóò fi kún ojú rẹ̀. Ẹ rọra tẹ orí ba, kí ẹ wo abẹ́ ewé náà. Kòkòrò kékeré kan wà níbẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Àwọn kan ní àwọ̀ aró lẹ́yìn, orí wọn pupa. Àwọn mìíràn jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ na ìka sí ọ̀kan, yóò fò sókè lójijì, ẹ kò sì ní mọ ibi tó bọ́ sí. Podagrica ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ihò tó ń dá sí ewé kọ́ ni ìpalára rẹ̀ tó burú jù. Bó ti ń fò láti ìdí ilá kan dé òmíràn, ó ń gbé àrùn kan kiri tí ń sọ ewé ilá di alábàlà, tí igi náà kò sì ní lè so dáadáa mọ́. Nítorí náà, ilá tí ewé rẹ̀ bá ti di alábàlà, fífà tu ló yẹ ẹ́, kí a gbé e jìnnà. Àárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ ni kí a lọ mú kòkòrò náà, nítorí pé ara rẹ̀ kì í tíì yá nígbà náà.

Ti tẹ̀tẹ̀, ewé tó ká lẹ́po ni kí ẹ máa wá. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí òwú tín-ín-rín tó fi ran etí ewé méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí ìgbẹ́ dúdú wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ẹ ó wá rí òun fúnra rẹ̀: ọmọ kòkòrò títẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ ewé, tó ń jẹ ẹran ara ewé láti inú títí yóò fi ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ jọ labalábá kékeré, alẹ́ ló ń fò, ó ní ilà funfun lójú apá. Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ ti tó láti ṣẹ́ àwọn ewé kíká wọ̀nyí kúrò. Adìyẹ yóò jẹ wọ́n tayọ̀tayọ̀.

Labalábá pupa kan ló ń yé ẹyin rẹ̀ jọ sí abẹ́ ewé ewédú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀gún lára, wọ́n sì lè jẹ ewédú kan ku ọ̀pá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ abẹ́ ewé wò yóò rí ẹyin náà kí ó tó pa, yóò sì já ewé kan ṣoṣo náà dànù.

Tata abàlà, tó dúdú tó sì ní àmì ìyeyè àti pupa, tó máa ń rùn bí a bá dì í mú, ẹ̀ẹ̀rùn ni tirẹ̀. Nínú ilẹ̀ lábẹ́ igbó tó bòji, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ni ó ń yé sí. Ẹyin náà yóò wà nínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, yóò sì pa nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa kóra jọ kítikìti sórí ewé kan náà. Ó fẹ́ràn òdòdó igbó tí a ń pè ní ewé Akíntọ́lá, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ ló sì ń yà sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọkọ́ tú ibi tó yé sí, tí oòrùn fi pa ẹyin náà, ti dín wàhálà ọdún tó ń bọ̀ kù gan-an.

Ìgbín ń jẹ ewé àti èso tó já bọ́, alẹ́ àti ìgbà tí òjò bá ṣú ló ń jáde. Ní ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi nǹkan funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa, yóò sì sùn títí òjò yóò fi rọ̀. Ṣíṣà ni oògùn rẹ̀, ọbẹ̀ sì ni ibi tó ń lọ. Ẹ ṣọ́ra, ìgbín tó bá ti inú ọgbà tí wọ́n fín oògùn kòkòrò sí jáde kò ṣeé jẹ.

Àwọn ọdẹ inú ọgbà

Alángbá tí gbogbo wa mọ̀, tó ń mi orí lórí ògiri, ọdẹ ni. Láàárọ̀ yóò kọ́kọ́ yá oòrùn kí ara rẹ̀ lè gbóná. Nígbà tí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú bẹ́ẹ̀dì, yóò dúró gán-án, yóò sì sáré gbé èèrà, tata tàbí kòkòrò mì. Èèrà ló ń jẹ jù. Èyí tí orí rẹ̀ pupa ni baba ìsọ̀rí rẹ̀. Òun ló ń lé àwọn akọ yòókù. Bí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, abo yóò gbẹ́ ihò, yóò yé ẹyin bíi márùn-ún sí méje sínú rẹ̀, yóò sì bò ó. Bí ẹ bá hú ẹyin funfun kéékèèké jáde nígbà tí ẹ ń kọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ dá a padà, kí ẹ sì bò ó.

Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alángbá bí ilẹ̀ bá ṣú. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, nítorí pé ọ̀sán kì í ṣe àsìkò rẹ̀: abẹ́ ìkòkò, abẹ́ òkúta tàbí abẹ́ koríko tútù ló ń sùn sí. Lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bá ọgbà. Yóò jókòó síbẹ̀ láìmira. Bí kòkòrò kan bá rìn kọjá níwájú rẹ̀, yóò tẹ orí síwájú díẹ̀, ahọ́n yóò jáde, kòkòrò ti wọlé. Ojú kì í sábà bá ahọ́n náà. Oje tó wà nínú kókó ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ní oró fún ajá tó bá gé e jẹ. Àwa tí a bá fọwọ́ kàn án, kí a ṣáà fọ ọwọ́.

Agbọ́n ń gbé ọmọ labalábá lọ bọ́ ọmọ tirẹ̀. Aláǹtakùn ń ta òwú sáàárín ewédú. Lámilámi ń mú ẹ̀fọn lójú òfuurufú, síbẹ̀ kí a máa bo ìkòkò omi, kí tanwíji má baà pọ̀ níbẹ̀. Ejò náà lè wọ ọgbà, eku ló sábà ń lé wá. Kí a máa ro ẹ̀bá ọgbà, kí a wọ bàtà òjò, kí a má sì tọwọ́ bọ ibi tí ojú wa kò dé.

Ìbáṣepọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ní abẹ́ ewé ilá tàbí ní orí ọ̀mùnú ẹ̀wà, ẹ ó rí kòkòrò wínníwínní tó kóra jọ, tí wọn kò mira, tí wọ́n ki ẹnu bọ ewé tí wọ́n ń fa omi rẹ̀. Èèrà ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn. Èèrà kò jẹ wọ́n. Omi dídùn tó ń jáde lára wọn ló ń lá, ó sì ń tìtorí rẹ̀ ṣọ́ wọn, ó ń lé ẹni tó bá fẹ́ jẹ wọ́n. Ọ̀tá wọn ni kòkòrò róbótó kan tó pupa tàbí tó ní àwọ̀ ọsàn, tó ní àmì dúdú lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọdé mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni wọn kò mọ̀: ó gùn, ó dúdú, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, kò jọ ìyá rẹ̀ rárá, òun sì ni ó ń jẹ àwọn kòkòrò náà jù. Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́gbà ló ń tẹ̀ ẹ́ pa nítorí pé ìrísí rẹ̀ kò wù wọ́n. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń pa òṣìṣẹ́ tí kò gbowó.

Òdòdó

Òdòdó ilá ń là láàárọ̀, àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, inú rẹ̀ pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́rin sí méje, ilá ti tó ká. Bí a bá fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, yóò kó. Ilá lè so láìsí oyin, gbọ́rọ̀ kò lè ṣe é. Akọ òdòdó àti abo òdòdó gbọ́rọ̀ yàtọ̀ síra lórí ìtàkùn kan náà, oyin ló sì ń gbé ìyẹ̀fun akọ lọ bá abo láàárọ̀. Ẹni tó bá fín oògùn lówùúrọ̀, nígbà tí oyin ń ṣiṣẹ́, kí ó má ṣe béèrè ìdí tí gbọ́rọ̀ òun fi ń yọ òdòdó tí kò sì so.

Ẹyẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu, nítorí náà ni wọ́n fi ń gbé ata wẹ́wẹ́ mì tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ hóró rẹ̀ sí abẹ́ igi tí wọ́n bá bà lé.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Oògùn apakòkòrò tó ní dichlorvos nínú ń pa iṣan ara kòkòrò, iṣan tiwa náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé ìgbésẹ̀ láti fòpin sí títa á nínú ìgò kéékèèké, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó nílòkulò. Ẹ̀fọ́ tí a máa já lọ́sẹ̀ mẹ́ta kò ní àkókò tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ẹ má ṣe fín in sí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ewé dóńgóyárò wà. Ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ẹ wọ́n ọn nírọ̀lẹ́, torí oòrùn ń tètè pa agbára rẹ̀. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, kì í jẹ́ kó jẹun ni, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dàgbà. Eérú ààrò náà dára, bí a bá kù ú sórí ewé tí ìrì wà, àmọ́ kí ó má pọ̀ jù nílẹ̀.

Ìtàn ẹ̀gẹ́ ló fi hàn jù bí ọ̀tá àdánidá ti lágbára tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Kóńgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà. Kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ níbí. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren jẹ́ aṣáájú wọn, wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ibi tó ti wá. Agbọ́n kékeré kan tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà, Apoanagyrus lopezi, ni wọ́n mú wá láti Paraguay. Ní ọdún 1981 wọ́n tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ó tàn kálẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì bọ́, láìjẹ́ pé àgbẹ̀ kan ra oògùn. Ní 1995 ni wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ yan bẹ́ẹ̀dì kan nílé tàbí nílé ẹ̀kọ́. Ẹ wò ó ní àárọ̀ kùtù, ní ọ̀sán gangan, àti lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹ̀dá tí ẹ bá rí, ibi tó wà lára ewé tàbí nílẹ̀, àti ohun tó ń ṣe. Èyí tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ yà á, kí ẹ sì bi ìyá tàbí bàbá àgbà yín.

Ẹ gbin ewédú sí ìdajì bẹ́ẹ̀dì kan pẹ̀lú hóró tí a rì bọ omi gbígbóná, kí ẹ gbin hóró tí a kò rì bọ omi sí ìdajì kejì. Ẹ ka iye tó hù ní ọjọ́ kẹwàá.

Kí ló dé tí ó fi dára kí a fín omi dóńgóyárò nírọ̀lẹ́ dípò òwúrọ̀? Ẹ mú ìdí méjì wá láti inú orí yìí.

Ọmọ kíláàsì yín kan rí kòkòrò gígùn dúdú, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, lára ẹ̀wà tí kòkòrò wínníwínní ti bò. Ó ti gbé ẹsẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ pa. Kí ni ẹ ó ní kó kọ́kọ́ wò?